Kí Ló Wà Nínú Èèkù Idà? Ohun Tí Irin Kọ́ Mi Ní Ìgàndò

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mi ò sì fìgbà kan bi ara mi pé kí ló wà nínú èèkù ọ̀hún gan-an. Ọjọ́ tí mo padà mọ̀ ọ́n, díẹ̀ ló kù kí n ṣe àbúrò mi léṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, tó fẹ́ràn kó máa kó ọ̀bẹ, àdá àti idà jọ. Ẹlòmíì ń kó bàtà jọ, ẹlòmíì ń kó jẹ́sì bọ́ọ̀lù jọ. Irin ni tiẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó ra idà gígùn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn jagunjagun ilẹ̀ Yúróòpù ń lò láyé àtijọ́. Kì í ṣe ojúlówó ti ìgbà yẹn o. Àwòṣe ni, èyí tí wọ́n ṣe lóde òní kó lè jọ ti àtijọ́. Ó ń dán gbinrin bíi dígí. Ẹ̀gbọ́n fi kọ́ sára ògiri pálọ̀ ilé wa ní Ìgàndò, gbogbo àlejò tó bá wọlé ló sì máa ń fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ya fídíò ẹ̀fẹ̀ nínú ọgbà ilé. Mo bá já idà sílẹ̀. A gbé táyà àlòkù kan dúró bí ẹni pé ọ̀tá ni. Mo fi idà lu ú lẹ́ẹ̀kan, mo lu ú lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo lu ú lẹ́ẹ̀kẹta, èèkù nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Irin tó kù ti fò lọ, ó kọjá lórí bókẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ gúnlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi níbi tí àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń fọ abọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọṣẹ ló wọlé lọ mú. Abọ́ tó fi sílẹ̀ fọ́ sí méjì.

Màmá mi ò pariwo. Wọ́n kàn gba èèkù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Èmi ni ìwọ ni ò bá wá bá sọ̀rọ̀ báyìí, ká ní ọmọ yẹn ò wọlé." Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń yí lórí mi: kí ló dé tí irin tó nípọn bẹ́ẹ̀, tó ń dán bẹ́ẹ̀, fi já bí igi ìṣáná?

Ìrù idà

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi àti ẹ̀gbọ́n gbé idà tó já náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá alágbẹ̀dẹ kan. Ẹ̀yìn ibi tí àwọn mẹkáníìkì ń tún mọ́tò ṣe ni àgbẹ̀dẹ wọn wà, kò jìnnà sí títì LASU sí Ìyànà Ìbá. Àdá, ọkọ́ àti ọ̀bẹ àwọn alápatà ni wọ́n sábà máa ń rọ. A kí wọn, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o." Wọ́n dáhùn, wọ́n gba idà, wọn ò tiẹ̀ wo ibi tó ń dán. Inú èèkù ni wọ́n kọ́kọ́ yọjú wò.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló tà yín ní ṣíbí ní owó idà?"

Wọ́n fi hàn wá. Gbogbo idà ló ní ìrù, ìyẹn apá ibi tó wọnú èèkù, tí ojú kì í rí. Nínú idà gidi, irin kan náà ló ti ṣóńṣó orí dé ìparí ìrù. Kò sí oríkèé kankan láàárín. Ìrù yẹn á gba inú igi tí ọwọ́ ń dì mú kọjá, á sì yọ sí ìdí kókó irin tó wà lẹ́yìn ọwọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi òòlù lu ṣóńṣó rẹ̀ kó lè fẹjú, kí ohunkóhun má lè tú mọ́. Ṣùgbọ́n nínú idà tiwa, wọ́n gé irin náà síbi tí èèkù ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá jó ọ̀pá róbótó tín-ín-rín kan mọ́ ọn, bí ìgbà tí wẹ́dà bá ń jó géètì. Ojú ibi tí wọ́n jó mọ́ ara wọn yẹn ló já.

Ẹ fojú sùn ún dáadáa, nítorí ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ẹ mú rúlà ilé ìwé kan. Tẹ́ ẹ bá dì í mú ní ìbú tẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́, wẹ́rẹ́ ló máa tẹ̀. Ẹ wá nà á dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Kò mira, àbí? Rúlà kan náà ni, ike inú rẹ̀ ò pọ̀ sí i. Ohun tó yàtọ̀ ni bó ṣe fẹ̀ tó ní ọ̀nà tí agbára gbà ń bọ̀. Tí irin pẹlẹbẹ bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì lápá ibẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára rẹ̀ láti dúró máa jẹ́.

Ọ̀pá inú idà tiwa fẹ̀ ní mílímítà 8 péré. Ìrù tí Bàbá sọ pé ó yẹ kó ní fẹ̀ ní mílímítà 20, ó sì nípọn ní mílímítà 5. Tẹ́ ẹ bá ṣírò iye irin tó wà nínú méjèèjì, ti Bàbá kàn fi ìlọ́po méjì ju tiwa lọ ni. Àmọ́ tó bá di ká fi lu nǹkan, ó fi ohun tó lé ní ìlọ́po mẹ́fà lágbára jù ú.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ká sọ pé ibi tí idà ti ba táyà jìnnà sí èèkù ní sẹ̀ntímítà 60, àti pé agbára tó dà lù ú tó ìwúwo ẹrù kílò 10. Irin lásán tí àwọn wẹ́dà ń lò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ tí ìnira inú rẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi 250 MPa. Nínú ọ̀pá róbótó yẹn, ìnira náà máa sún mọ́ 1,200. Nínú ìrù pẹlẹbẹ ti Bàbá, 180 péré ni. Ṣé ẹ rí i báyìí? Kì í ṣe agbára ọwọ́ mi ló já idà. Gígùn idà ló sọ agbára kékeré di ńlá, bí ìgbà tá a fi ọ̀pá gígùn hú òkúta, tí ọ̀pá tín-ín-rín ò sì lè gbà á.

Idà gígùn tòótọ́ ńkọ́?

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni mo wá ń kàwé. Láàárín nǹkan bí ọdún 1350 sí 1550 ni idà gígùn gbajúmọ̀ ní Yúróòpù. Ọwọ́ méjì ni wọ́n sábà fi ń dì í mú. Gígùn rẹ̀ látòkè délẹ̀ sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ntímítà 100 sí 130. Ẹ gboju lé iye tó wúwo. Nínú fíìmù, ẹ máa rò pé bíi àpò sìmẹ́ńtì ni. Irọ́ ni o! Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà láàárín kílò 1.1 sí 1.8. Ẹ gbé ìgò omi 75cl méjì dání. Bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ nìyẹn.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé idà ò nípọn bákan náà látòkè délẹ̀. Ó nípọn nídìí, ó wá ń fẹ́lẹ́ lọ sí ṣóńṣó. Kókó irin tó wà ní ìdí èèkù sì ń fa ìwúwo padà sọ́dọ̀ ọwọ́, bí ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi kí iwájú má baà rì. Ọ̀gbẹ́ni Ewart Oakeshott, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìrísí irin idà, ti kókó náà àti ti irin tó dábùú èèkù to idà ayé ìgbà náà sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Ìsọ̀rí yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe àwòṣe fún àwọn olùkójọ ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé Aláàfin tuntun gbọ́dọ̀ gba Idà Ọ̀rányàn kó tó lè ní àṣẹ láti dájọ́ ikú. Ní Ọ̀wọ̀, udamalore ni idà ayẹyẹ tí àwọn ìjòyè ńlá ń fi sí ẹ̀gbẹ́. Lápá òkè Áfíríkà Ìwọ̀ Oòrùn sì rèé, àwọn Tuareg àti Haúsá ní idà kan tí wọ́n ń pè ní takouba. Àwọn oníṣòwò aṣálẹ̀ máa ń ru irin idà láti Yúróòpù, títí kan ti Solingen ní Jámánì, wá bá àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀, àwọn yẹn á wá fi èèkù tiwọn sí i. Àwọn òyìnbó máa ń tẹ àmì sára irin wọn, bí àwòrán ìkookò tó ń sáré tàbí òṣùpá. Nígbà tó yá, àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà ń fín irú àmì yẹn sára irin tí wọ́n fúnra wọn rọ. Ẹ rí i pé àwòṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ òde òní.

Sípíríìngì mọ́tò àti danfó tó kún

Ẹ̀gbọ́n bi Bàbá bóyá wọ́n lè rọ irú idà yẹn, èyí tí ò ní já. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ lọ ra sípíríìngì mọ́tò wá."

Irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, tó ń gbé ẹrù sókè sódò, ni wọ́n ní lọ́kàn. A rí i rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ti báró kiri ra irin kọ̀ndẹ́mù. Ẹ rò ó wò: irin tó ti ń fò lórí gbogbo kòtò tó wà láti Ìkọ̀tún dé Ìgàndò, tí kò dá, ṣé ẹ rò pé irin lásán ni? Oríṣi kan tó wọ́pọ̀, tí wọ́n ń pè ní 5160, ní káábọ̀nù tó jẹ́ nǹkan bíi ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, àti chromium díẹ̀ tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Káábọ̀nù yẹn, ohun kan náà tó pọ̀ nínú èédú ni. Ìwọ̀nba bíńtín yìí ló ń sọ irin di ohun tá a lè sé le.

Báwo ló ṣe ń le? Ẹ fojú inú wo danfó kan. Àwọn átọ́ọ̀mù irin ni èrò tó jókòó, káábọ̀nù sì ni àwọn ọmọdé kéékèèké tó ń wá ibi tí wọ́n máa há sí. Tí irin bá tutù, ìjókòó rẹ̀ há, kò fi bẹ́ẹ̀ sí àyè fún káábọ̀nù. Ṣùgbọ́n tí irin bá gbóná kọjá 727°C, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí tún ìjókòó tò, àyè tó tóbi díẹ̀ á sì yọ. Káábọ̀nù á wọlé. Austenite ni àwọn onímọ̀ ń pe irin tó bá wà ní ipò yìí.

Tá a bá jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, káábọ̀nù á rí àyè sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ẹ̀ á padà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n tá a bá ri irin bọ nǹkan tutù lójijì, àwọn èrò á sáré padà síbi ìjókòó wọn àtijọ́, káábọ̀nù á sì há sáàárín wọn. Gbogbo danfó á há gádígádí, ẹnikẹ́ni ò ní lè yíra. Martensite nìyẹn. Irin tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ ò lè yíra ni irin tó le jù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tí ò lè yíra, ṣe ló máa ń dá.

Bàbá fi hàn wá. Wọ́n gé ègé irin kékeré kan nínú sípíríìngì náà, wọ́n mú un pọ́n yòò nínú iná, wọ́n rì í bọ omi. Ó dún ṣìì! Wọ́n fi há ẹnu fáìsì, wọ́n fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣẹ́ bí bísíkíìtì. Mo rántí àbúrò mi, ara mi sì bù máṣọ.

Iná, máginẹ́ẹ̀tì àti àwọ̀ aró

Ó gba Bàbá àti ọmọ iṣẹ́ wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí idà tó jáde. Èédú àti èèpo èkùrọ́ ni wọ́n ń dá iná rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹwìrì ni wọn ì bá máa fi fẹ́ ẹ. Báyìí, fáànù kékeré kan tí wọ́n so mọ́ bátìrì mọ́tò ló ń ṣiṣẹ́ náà, torí pé nẹ́pà ò ṣeé gbọ́kàn lé. Wọ́n fi ẹ̀mú di irin mú, wọ́n ń lù ú lórí ègé irin rélùwéè kan. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ mẹ́ta. Mo wá mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ìrù ni Bàbá kọ́kọ́ fà yọ, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ṣóńṣó. Níbi tí ìrù ti pàdé ara idà, wọn ò gé e ní igun ṣánṣán. Ṣe ni wọ́n jẹ́ kó tẹ̀ kọ̀rọ́bọ́tọ́, nítorí inú igun tó mú ni gbogbo ìnira máa ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni ìlà dídá máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kan ká sé e le, mo bi Bàbá pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbóná tó láìsí ẹ̀rọ tó ń wọn ooru. Wọ́n na ọwọ́ sí igun kan, wọ́n mú máginẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yọ lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Wọ́n fi kan irin tó pọ́n. Kò lẹ̀ mọ́ ọn! Ìmọ̀ físíìsì pọ́ńbélé nìyẹn: tí irin bá dé nǹkan bíi 770°C, máginẹ́ẹ̀tì ò lè fà á mọ́. Bàbá ò mọ nọ́ńbà yẹn, àmọ́ wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Tí kò bá ti fà mọ́, mo tún máa ka nǹkan díẹ̀ sí i, kí n tó rì í."

Omi kọ́ ni wọ́n rì í sí. Epo ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná díẹ̀ ni wọ́n pọn kún inú páìpù gígùn kan tí wọ́n dí ní ìdí. Omi yára mú irin tutù ju bó ṣe yẹ lọ fún irú irin yìí, ó sì lè la idà gígùn láàárín kó tó jáde rárá. Epo máa ń rọra ṣe é.

Èyí tó gbẹ̀yìn ló wù mí jù. Bàbá fi pépà ìha-igi ha ojú irin títí ó fi funfun, wọ́n wá ń rọra fà á lórí ẹyin iná. Díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn lára rẹ̀: ó kọ́kọ́ rí bíi koríko gbígbẹ, ó di ìyeyè, ó di elésèé àlùkò, ó wá di aró. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń bo ojú irin, bó sì ṣe ń nípọn sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń yí àwọ̀ padà lára rẹ̀. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí nígbà tí epo bá dà sójú omi òjò ní ọgbà mẹkáníìkì. Àwọ̀ aró yẹn túmọ̀ sí pé irin ti gbóná dé nǹkan bíi 300°C. Ooru yẹn ló jẹ́ kí díẹ̀ nínú káábọ̀nù tó há rí àyè sọ̀ kalẹ̀ nínú danfó. Lílè irin dín kù díẹ̀, àmọ́ ó ti lè yíra báyìí. Ó lè tẹ̀ kó sì padà.

Idà tó tẹ̀ tó sì padà

Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá ní kí n gbìyànjú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí." Wọn ò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn bọ́ sẹ́yìn, wọ́n fi ṣóńṣó idà ti igi, wọ́n sì fi ara tì í. Ó tẹ̀ bí ọrun. Wọ́n tú u sílẹ̀, ó nà tàntàn padà. Wọ́n wá fi lu táyà kan, ìgbà ogún ni mo kà. Èèkù ò mira. Ẹ̀gbọ́n gbé e sórí ìwọ̀n nígbà tá a délé: kílò 1.4.

Bàbá fín àmì tiwọn sídìí rẹ̀, àti ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá rí i lọ́la kò gbọ́dọ̀ rò pé láti ayé àtijọ́ ló ti wá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwòṣe àti ayédèrú nìyẹn.

Tó bá ń wu ẹnikẹ́ni nínú yín láti ra irú nǹkan báyìí, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé irin kan náà ni ìrù àti ara rẹ̀, àbí wọ́n jó wọn pọ̀ ni? Irin wo ni? Tí wọ́n bá ní stainless, ẹ jẹ́ kó wà lára ògiri: chromium rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè dípẹtà, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe idà olówó pọ́ọ́kú máa ń tètè dá tó bá gùn. Ẹ̀kẹta, ṣé wọ́n sé e le tí wọ́n sì tún fi iná rọ̀ ọ́, àbí ọ̀kan nìkan? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ohun ẹ̀ṣọ́ ló ń tà. Kò sí ohun tó burú nínú ohun ẹ̀ṣọ́, ẹ ṣáà má fì í. Kódà èyí tó dáa, ẹ má gbé e jáde sí títì, ẹ má sì fi ṣeré níbi tí ọmọdé wà.

Tiwa ti padà sára ògiri báyìí. Màmá mi ní kí wọ́n gbé e ga ju ibi tí ọwọ́ mi lè tó lọ, ibẹ̀ náà ló sì wà.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi lónìí. Ẹ wọ ilé ìdáná, ẹ mú ọ̀bẹ tẹ́ ẹ fi ń gé ẹran, kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ èèkù rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí irin tó gba àárín igi kọjá dé ìparí, ọ̀bẹ gidi nìyẹn. Tẹ́ ò bá rí nǹkan kan, tó sì ń mì tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n, ẹ tètè sọ fún màmá yín.